Mo Sọ fún Ẹ̀gbọ́n Mi Pé Kò Sí Ohun Tó Ń Dún

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì bá mi kẹ́dùn. Ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán ná. Tí ẹ bá kà á tán tí ẹ sì fẹ́ bú mi, mo ti jókòó dè yín.

Mẹkáníìkì ni mí. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo mọ̀ jù: sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì, búùṣì, gbogbo ohun tó ń gbé ẹrù tí kì í jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ wọ́lẹ̀. Elétí ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí nǹkan ṣì ń lọ dáadáa fún mi, bí ọkọ̀ bá ṣe ń yà wọ ọgbà iṣẹ́ mi báyìí, màá ti sọ ohun tó ń ṣe é kí awakọ̀ tó pa iná ẹ̀. "Búùṣì ọ̀tún ti jẹ." "Ṣọ́ọ̀kì òsì ti kú." Wọ́n á wò ó, á sì rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fi ń yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nìyẹn. Àwọn yòókù á tú ẹ̀yìn ọkọ̀ palẹ̀ kí wọ́n tó mọ ibi tí ariwo ti ń wá. Èmi kì í tú ọkọ̀ wá nǹkan. Mo máa ń gbọ́ ọ ni.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí wọ́n ti ń fún un ní afẹ́fẹ́. Mo ṣubú, mo dìde, mo gbọn eruku ara mi nù, gbogbo wa sì fi í ṣe ẹ̀rín. Etí mi òsì hó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó dákẹ́, kò sì tíì sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òní.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ. Àwọn ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀. Kí irin ńlá lu irin ńlá, mo ń gbọ́ ọ. Kí ọkùnrin sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tó ń ké, fèrè, agogo kékeré ara fóònù, gbogbo wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kan wà tí mo dúró wo ẹyẹ kan lórí wáyà iná. Ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. N kò gbọ́ nǹkan kan.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni Elétí fẹ́ sọ fún pé etí òun ti di?

Dípò bẹ́ẹ̀, mo wá ọgbọ́n dá sí i. Bí oníbàárà bá dé, màá káwọ́ gbera bí ọ̀gá, màá ní, "Ẹ sín in jẹ fún mi. Báwo ló ṣe ń dún?"

"Gbì, gbì, gbì."

Búùṣì nìyẹn.

"Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀."

Bóòtù kan ló ti dẹ̀. Màá mi orí, màá ní, "Ohun tí èmi náà gbọ́ nìyẹn." Wọ́n rò pé mò ń dán wọn wò ni. Ẹnu wọn ni mo fi ń gbọ́ràn, wọn ò sì mọ̀. Ọgbọ́n yìí gbè mí fún ọdún mẹ́ta, mo sì rò pé yóò máa gbè mí títí tí màá fi dàgbà kúrò nídìí iṣẹ́.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé.

Ẹyin ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ló fi ń kó o láti oko adìyẹ lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí bàbá wa kú, òun ló sì fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Obìnrin tí ń kó ẹyin kì í fi ọkọ̀ ṣeré. Ó mọ gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà náà bí ẹni mọ àwọn ará àdúgbò ẹ̀, ó sì máa ń bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń yà fún wọn.

Ó dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Kò tiẹ̀ kí mi tán.

"Àbúrò mi, nǹkan ń ké lẹ́yìn ọkọ̀ yìí."

"Ẹ sín in jẹ fún mi, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ṣu ẹnu jọ. "Kín-ín," ó ní. "Kín-ín. Bí òròmọdìyẹ tí èèyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀."

"Ìgbà wo ló máa ń ké?"

"Tí mo bá gbé ẹrù. Tí mo bá ń yà, tàbí tí mo bá já sí kòtò. Apá òsì ni."

Mo gun ẹ̀yìn ọkọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, mo dùbúlẹ̀, mo fi etí ọ̀tún lé irin, mo ní kó máa wà á lọ wà á bọ̀ ní títì iwájú ọgbà wa. Mo gbọ́ gbì. Búùṣì kan ti jẹ lóòótọ́. Kín-ín tó wí yìí, n kò gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó bi mí, "Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ," mo ní.

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì le lẹ́nu rárá.

Mo pààrọ̀ búùṣì. Mo pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì. Mo fún gbogbo bóòtù le. Mo wá bu gíríìsì, mo fi kun sípíríǹgì náà látòkè délẹ̀ títí ó fi ń dán. Ẹ̀gbọ́n mi gbàdúrà fún mi kó tó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ṣe, torí kì í ṣe gbogbo yín lẹ ti rí abẹ́ ọkọ̀ rí. Irin pẹlẹbẹ mélòó kan tí wọ́n tò lé ara wọn ni sípíríǹgì ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. Èyí tó wà lókè pátápátá ló so táyà ẹ̀yìn mọ́ ọkọ̀. Tó bá sán, kì í já lọ́jọ́ kan náà. Ó máa ń ké kó tó já, igbe tín-ín-rín, nígbà tí ojú ibi tó sán bá ń fi ara ha ara. Mẹkáníìkì tí kò ní orúkọ kankan láti dáàbò bò, á fọ abẹ́ ọkọ̀ náà mọ́, á fi jáàkì gbé e, á tú sípíríǹgì sílẹ̀, á tan iná sí i, á sì rí i. Iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́ ni. Èmi Elétí, gíríìsì ni mo fi bo ojú ibi tó sán.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó padà wá.

"Gbì ti lọ o, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kín-ín ṣì wà ńbẹ̀."

Mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo di sípánà mú, mo fi sẹ́nu bóòtù tó di sípíríǹgì náà pọ̀. Gbogbo ara mi ń sọ fún mi pé kí n tú u. Mo ti ń yí i báyìí nígbà tí Alátáyà, ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bẹ ojú wo abẹ́ ọkọ̀. Oníbàárà méjì wà lẹ́yìn ẹ̀.

"Háà! Elétí fẹ́ tú ọkọ̀ wò!" ó ní. "Ayé ti yí o! Ẹ wá wò ó!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín, torí ó ń fi mí yangàn. Èmi náà rẹ́rìn-ín lábẹ́ ibẹ̀, mo sì fún bóòtù náà padà.

"Mo kàn ń fún un le ni," mo ní.

Lẹ́ẹ̀kẹta tó wá, kò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó di sítíárì mú, ó ní, "Wá jókòó tì mí."

Mo wọlé tì í. Ó wa ọkọ̀ náà lọ, páálí ẹyin kún ẹ̀yìn ẹ̀. Ojú ẹ̀ wà lára mi ju ojú ọ̀nà lọ.

"Ó ń ké báyìí," ó ní.

Mo tẹ́tí.

"Òun náà nìyẹn. Kín-ín. Àbí o ò gbọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ. Ẹ̀gbọ́n mi, etí mi ti di. Ó ti dé ọ̀fun mi, mo tọ́ ọ wò lẹ́nu. Mo tún rí ojú Alátáyà, mo rí àwọn oníbàárà mi tí wọ́n ń wa ọkọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, mo gbọ́ orúkọ tí wọ́n máa wá fún mi dípò Elétí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "kò sí ohun tó ń dún."

Ó wa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa iná ẹ̀.

"Kò sí?"

"Kò sí rárá."

Mo rò pé yóò bá mi jà. Ì bá ti dáa tó bá bá mi jà. Ńṣe ló ń wo ọwọ́ ara ẹ̀.

"Tí ìwọ ò bá gbọ́ ọ, ta ló máa wá gbọ́ ọ?" ó ní. Lẹ́yìn náà, ó tún ní, "Ṣé o rántí bí ti Ìyá ṣe bẹ̀rẹ̀?"

Mo rántí. Kí ìyá wa tó kú, ó máa ń gbọ́ ẹni tó ń kan ìlẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó ń kan ìlẹ̀kùn. Nígbà tó yá, kò mọ ọ̀nà ilé ìwẹ̀ mọ́, nígbà tó tún yá, kò mọ àwa ọmọ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló wẹ̀ ẹ́, òun ló bọ́ ọ, òun ló sì jókòó tì í títí ó fi dákẹ́. Bí ohun kan bá wà tí obìnrin yẹn ń bẹ̀rù láyé yìí, òun náà nìyẹn. Èmi nìkan ló sì sọ ọ́ fún rí.

"Ìlẹ̀kùn ni tiẹ̀," ó ní. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Bóyá ọkọ̀ ni tèmi."

Àyè ṣì wà fún mi nígbà yẹn.

"Ẹ lọ sinmi díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní. "Iṣẹ́ yìí ti ń pọ̀ jù fún yín."

Ó mi orí bí ẹni tí dókítà sọ̀rọ̀ fún. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún ẹ̀yin náà: ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo jẹun, mo sì sùn dáadáa.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ ariwo mọ́. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ló pè mí, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé.

"Bọ̀dá, Màmá ní etí àwọn ń gbọ́ nǹkan tí kò sí. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ wò ó, tẹ́ ẹ sì ní kò sí nǹkan kan?"

"Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta," mo ní. "Máa fojú sí Màmá ẹ lára."

"Wọ́n ti ń sunkún, Bọ̀dá. Wọ́n máa ń rò pé mi ò rí àwọn."

Mo sọ fún un pé ọjọ́ orí ni. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tí èèyàn fi ń gba ọmọ nímọ̀ràn.

Àárọ̀ àárọ̀ ni ọkọ̀ náà ń gba iwájú ọgbà mi kọjá. Lọ́jọ́ kan, mo rí i pé apá òsì ẹ̀yìn ẹ̀ ti sún mọ́lẹ̀ ju ọ̀tún lọ, bí ìwọ̀n ìka méjì. Mo sọ fún ara mi pé ilẹ̀ ibẹ̀ ló dagẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gba ibi tó tẹ́jú, ó ṣì fì bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kẹta, mo máa ń wọlé lọ wá nǹkan, tó bá ti tó àsìkò tó ń kọjá.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ kí i nílé. Ó ń fọ àwo nínú ilé ìdáná, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Nígbà tó yíjú, mo rí nǹkan funfun nínú etí ẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí nìyẹn?"

Ó yọ ọ̀kan kó lè gbọ́ mi. "Owú ni. Tí mo bá fi dí etí tí mo bá ń wakọ̀, mi ò ní máa gbọ́ nǹkan tí kò sí. Ó ń jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Dókítà máa rí mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó wojú mi. "Àbí kò dáa bẹ́ẹ̀?"

"Ó dáa," mo ní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ní bí aago mọ́kànlá àárọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi já wọ ọgbà iṣẹ́ mi. Kò kí ẹnikẹ́ni. Fóònù ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Alátáyà wà ńbẹ̀, oníbàárà bíi mẹ́ta náà wà ńbẹ̀.

"Bọ̀dá, mo tẹ̀ lé Màmá lọ lánàá. Mo gbọ́ ọ! Mo fi fóònù gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Nǹkan ń ké ńbẹ̀ lóòótọ́."

Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ti wà lára mi, ẹni tó bá sì ti ń purọ́ fún ọdún mẹ́ta, kíákíá ni ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń wá ibi tó máa dúró sí. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín, mo fi àkísà nu ọwọ́ mi.

Ó tẹ fóònù náà, ó nà án sí mi.

Mo dúró. Mo ń retí kó tàn án.

"Ó yá, tàn án ká gbọ́," mo ní.

Ó wò mí. Alátáyà wò mí. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí lẹ ń wò?" mo ní. "Ṣebí mo ní kó tàn án?"

Alátáyà ló sọ̀rọ̀. Kò ṣẹ̀fẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Ọ̀gá," ó ní, "ó ti ń dún látìgbà tó ti nà án sí yín. Ó ń han gan-an. Ẹ̀yin ò gbọ́ ọ ni?"

Mo wo fóònù náà. Mo rí ìlà kékeré kan tó ń sáré lójú ẹ̀, ó ń fò sókè, ó ń fò sílẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rọra gbé fóònù náà sílẹ̀. Ojú ẹ̀ ti yí padà. Ó ti yé e.

"Bọ̀dá. Ẹ ò gbọ́ràn."

"Níbo ni Màmá ẹ wà?" Ohun tí mo rí sọ nìyẹn.

"Wọ́n ti lọ kó ẹyin."

"Pè wọ́n! Pè wọ́n kí wọ́n dúró! Kí wọ́n má gbé ẹrù kankan!"

Ó ti ń pè kí n tó sọ ọ́ tán. Ó pè, ó tún pè, ó tún pè. Lẹ́yìn náà ló wojú mi, tó ní, "Owú wà létí wọn."

Ọkọ̀ Alátáyà la gbé. Mo jókòó síwájú, mo ń wo gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú wa, mo ń retí àwọ̀ píkọ́ọ̀pù náà. Bí mo bá rí ọkọ̀ tó jọ ọ́, màá na ọwọ́, kì í sì í jẹ́ òun. Ní ibi tí ọ̀nà oko adìyẹ ti ṣẹ́rí, a rí èèyàn tó pé jọ. Mo kọ́kọ́ rí ẹyin. Ó ti fọ́ sójú títì láti ìhín dé ọ̀hún, oòrùn sì ti ń sá a gbẹ.

Ọkọ̀ náà wà nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Táyà ẹ̀yìn òsì ti yẹ̀ kúrò ní àyè ẹ̀. Mo wo ibi tí sípíríǹgì náà ti já, mi ò tiẹ̀ nílò láti tẹ̀ ba. Ìdajì ojú ibi tó já ti dípẹtà, ibẹ̀ ti sán tipẹ́. Ìdajì yòókù funfun, ti òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni.

Wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n mi jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kò ṣe é wò. Ojú ẹ̀ là. Ó ń wo ẹnu àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀, kò sì dá ẹnì kankan lóhùn. Mo kúnlẹ̀ tì í. Ọwọ́ mi ni mo fi yọ owú yẹn kúrò létí ẹ̀.

"Àbúrò mi," ó ní, "ṣé sípíríǹgì ló já?"

"Òun ló já, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó ń ké tẹ́lẹ̀ lóòótọ́?"

"Ó ń ké."

Ó pa ojú dé. Omijé jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú ẹ̀. "Ọlọ́run, mo dúpẹ́," ó ní. "Orí mi pé. Orí mi pé o." Ó ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń gbé e wọ ọkọ̀, ó ń sọ ọ́ fún ọmọ ẹ̀, bí ẹni tó gba ìròyìn ayọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ń fì dirodiro, ó sì ń dúpẹ́.

Ọmọ ẹ̀ di apá mi mú. "Ẹ máa sọ fún wọn," ó ní. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ fún wọn."

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo lọ bá a ní ọsibítù. Ibùsùn mẹ́fà ló wà nínú yàrá yẹn, èèyàn sì kún gbogbo wọn. Mo sọ ti táyà tó bẹ́, mo sọ ti ẹyẹ orí wáyà, mo sọ ti gíríìsì, mo sọ gbogbo ẹ̀. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó bi mí léèrè kan ṣoṣo. "Ọjọ́ tí mo dárúkọ Ìyá fún ẹ nínú ọkọ̀, ṣé o ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé etí ẹ ló di?"

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ó wo ibi tí aṣọ ìbora ti rọ̀ wálẹ̀ lórí ẹsẹ̀ tí kò sí.

"Irin ló mú ẹsẹ̀ mi lọ," ó ní. "Irin lè já, mo gbà. Ṣùgbọ́n oṣù méjì ni mo fi ń bẹ̀rù orí ara mi. Mo máa ń ka orúkọ gbogbo wa tí mo bá jí, kí n lè mọ̀ bóyá mi ò tíì gbàgbé. Orúkọ tìẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ pè. Ìwọ lo ṣe ìyẹn fún mi, kì í ṣe irin."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí nǹkan kan sì ti kú lára yín tí ẹ ń fi orúkọ bò ó, ẹ tètè sọ ọ́ fún ẹni tó fọkàn tán yín jù. Ó lè fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Èmi ń tú gbogbo sípíríǹgì tó bá wọ ọgbà mi wò báyìí, mo sì ń sọ fún oníbàárà pé mi ò gbọ́ràn. Àwọn kan ń lọ, àwọn kan ń dúró. Ẹ̀rín tí mo fi ọdún mẹ́ta sá fún yẹn kò tó nǹkan, ó tán kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ní ọsibítù, ẹ̀gbọ́n mi kọ ojú sí ògiri. Mo rí i pé ètè ẹ̀ ń mì. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Mo sún mọ́ ọn, mo fi etí ọ̀tún sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wí?"

Ó yíjú padà sí mi. Ó gbé ohùn sókè kí n lè gbọ́ ọ dáadáa, gbogbo àwọn tó wà lórí ibùsùn yòókù sì gbọ́ ọ pẹ̀lú mi.

"Mo ní kí o máa lọ."